Ọfà Gúgúrú

Ọrun kan wà nínú ẹbí wa l'Ókukù tí bàbá bàbá wa fi ṣọdẹ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣì ń fi í pa ẹran. Ìbọn ti dé tipẹ́, ẹran gan-an ò sì sí nínú igbó mọ́. Àmọ́ lọ́dọọdún tí ẹbí bá péjọ, a máa ń ri ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹni tí ọrun wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ta ọfà mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò gbé ọrun padà sílé rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàsé, ó di ti ẹlòmíràn.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin ló wà. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, Ìkìrun ló ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan mú un lápá òsì. Ó gbádùn, ó ń rìn, ó ń jẹun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n apá yẹn kò padà sípò tán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń gbé ní Ìbà sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé, "Ọsán ò tíì já, ọrun ti dọ̀pá."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò mi wá bá mi ní Ìnísà. Mo wà níwájú ilé, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú gúgúrú tí mo fẹ́ yan. Ó jókòó tì mí, ó fi apá òsì sórí itan bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣe ọfà tuntun. Ẹ jẹ́ kó fúyẹ́, nítorí apá yìí."

"Ṣé o fẹ́ ta á lóòótọ́?"

"Bí mi ò bá ta á, ó ti lọ sí Ìbà nìyẹn. Ọrun yẹn kọ́ ló dùn mí. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó ti parí."

Ohun tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi ni pé èmi ni mo máa ń wọn ọfà fún bàbá wa. Ìwé kẹta ni mo kà dé tí mo fi padà sílé. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, èmi ni mo wá di ojú wọn. Wọ́n so igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ ní àárín pẹ̀lú òwú. A ó so ọfà mọ́ apá kan, a ó so ìkarahun ìgbín mọ́ ìkejì, èmi á máa ju àgbàdo sínú ìkarahun lẹ́yọ lẹ́yọ títí igi á fi dúró gbọọrọ. Ìkarahun òfìfo mìíràn tó bá a dọ́gba á wà lọ́dọ̀ ọfà, kí ó má baà sí ìrẹ́jẹ. Ọgọ́rin ẹyọ àgbàdo ni ti ọrun yẹn. Ó ti pẹ́ gan-an, mi ò gbàgbé iye rẹ̀.

Mo la ọparun, mo fi ọ̀bẹ fá a, mo fi àfọ́kù ìgò dán an. Alágbẹ̀dẹ kan l'Ókukù rọ irin orí rẹ̀ fún mi, mo fi ìyẹ́ tòlótòló sí ìdí rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, ó wúwo jù. Mo tún fá a. Mo fá a títí ó fi di ọgọ́rin géérégé. Nígbà tí mo gbé e lé ọwọ́, ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé ó fúyẹ́ jù. Mo ní iye ni iye ń jẹ́, mo sì ṣe méjì mìíràn bẹ́ẹ̀.

A lọ dán an wò lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìkìrun. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbé ọfà náà. Ó fa ọrun, kò fà á dópin, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọrun ké gbàà! Ọfà ń jù bí ìrù alángbá, ó fo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, ó fo ògiri kọjá, ó bọ́ sáàárín aṣọ tí aládùúgbò sá. Àbúrò mi ti jókòó sílẹ̀, ó di apá òsì mú.

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná. Ó gbé ọ̀kan nínú ọfà tó kù, ó yí i wò.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, kí lẹ fi wọn èyí?"

"Ọgọ́rin ẹyọ àgbàdo."

"Àgbàdo wo?"

"Àgbàdo ilé mi náà."

Ó wò mí, ó pa ẹnu dé, kò lè pa á dé pẹ́. "Háà! Gúgúrú! Ẹ ti ṣe ọfà gúgúrú fún ọkọ mi!"

Òótọ́ ló sọ. Àgbàdo funfun, èyí tí a fi ń ṣe ògì, ni àgbàdo bàbá wa. Ẹyọ gúgúrú méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta gúgúrú débi pé bí ẹnu mi bá pe àgbàdo, gúgúrú lọwọ́ mi ń lọ bá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá wa ti padà wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n máa ń ní, "Agbára tí ọfà ò bá gbé lọ, apá ló ń gbé e padà." Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé òwe lásán ni. Mo sọ fún àbúrò mi pé ọfà tó wúwo ni a ó ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, apá tó ń ro mí yìí lẹ tún fẹ́ di ẹrù lé?"

"Ọfà á gbé ẹrù náà lọ. Èyí tó fúyẹ́ ló dá a padà fún ọ."

Mo ra àgbàdo funfun agolo kan ní ọjà Ìkìrun, mo tún la ọparun mìíràn. Nígbà tó ta àkọ́kọ́, ọrun wulẹ̀ mí kanlẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Àbúrò mi wo apá rẹ̀, ó wò mí. Ó na ọwọ́ fún òmíràn.

Nígbà tí a dé Òkukù fún ìpéjọ ẹbí, ìtàn ti ṣáájú wa débẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi kò lè fi ẹ̀rín mọ sílé ara rẹ̀. Ẹni Ìbà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá gúgúrú, ẹ káàbọ̀ o! Mo gbọ́ pé ọfà yín ń bẹ́ tó bá kan iná."

"Ó ń bẹ́. Má dúró sítòsí."

Ìṣòro ọfà tó wúwo ni pé kì í pẹ́ lókè. Àkọ́kọ́ wọlẹ̀ kó tó dé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìkejì wọlẹ̀, ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo rí i pé àbúrò mi kò wo ẹnikẹ́ni. Mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Gbé e sókè sí i." Ó gbé e sókè débi pé ó dà bí ẹni ń ta òrùlé. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọfà náà lọ jẹ́jẹ́, ó tẹrí wálẹ̀, ó sì wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ẹni Ìbà ké, "Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bà!"

Àbúrò bàbá wa obìnrin, àgbà ilé, kò dìde lórí àga wọn. "Ìdí rẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀? Níbo ni ọmọ rẹ̀ ti ń yọ?"

Ẹni Ìbà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ló gbé ọrun, tó fi í sí ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi.

Kí a tó wọkọ̀, àbúrò mi yọ ọfà náà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé e fún mi. Mo fọ̀ ọ́ nílé, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lọ. Àgbàdo funfun tó kù sínú ìgò, kòkòrò ti ń lu ú. Bí mo bá gbẹ́kẹ̀ lé e, èèpo lásán ni màá fi wọn ọfà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọfà alábàwọ́n yẹn ni mo so mọ́ apá kan igi ìwọ̀n báyìí. Ọparun tuntun ti wà lápá kejì, mo ti ń fá a díẹ̀díẹ̀. Bí igi bá dúró, mo ṣì máa ń gbé ọparun náà lé ọwọ́ wò.