Lẹ́tà Tó Dé Nígbà Tí Mo Ń Wẹ Ọmọ

Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń di wáyà sínú páálí ní Reinickendorf kógbá sílé ní ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n wó ògiri Berlin. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀gá wa bọ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òdòdó kan, ó parí. Kí ni mo fẹ́ fi òdòdó ṣe?

Bí mo ṣe di ará Amt nìyẹn, ọ́fíìsì tí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ti ń gba owó ìrànwọ́. Wàá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marzahn, níbi tí mò ń gbé, láàárọ̀, wàá gba nọ́ńbà, wàá jókòó títí ìdí á fi máa dùn ẹ́. Iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi kọ́kọ́ fẹ́ tì mí sí. Mo kọ̀. Umschulung ni mo fẹ́, ìyẹn ni pé kí wọ́n rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ni mo tọ́jú ìyá bàbá mi títí ọlọ́jọ́ fi dé, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ní kí n lọ, kí n bọ̀. Wọ́n dán mi wò lórí ìṣirò, wọ́n ní kí dókítà wo ẹ̀yìn mi. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà ní mo yege, àyè kan ṣoṣo ló kù, kí n máa retí lẹ́tà nílé. Ó fún mi ní ìwé pélébé kan tí òfin wọn wà nínú rẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi ki abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi tó ń mì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní purọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àbúrò mi obìnrin bímọ ní Hamburg. Ìyá wa ò rí físà gbà. Wọ́n pè mí lórí fóònù láti Abẹ́òkúta, wọn ò tiẹ̀ bi mí bóyá àyè wà.

"Ìwọ ni ìyá ẹ̀ níbẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí.

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí á tún máa ṣọ́ àpótí lẹ́tà? Mo kó òrí àti kànrìnkàn sínú báàgì, ó di Altona ní Hamburg.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo lò níbẹ̀. Láràárọ̀, màá fi aṣọ ìnura tí mo rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ. Á máa ké, màá máa bẹ̀ ẹ́, màá sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni màá na ẹsẹ̀ mi méjèèjì ní balùwẹ̀, màá gbé ọmọ lé e, màá wẹ̀ ẹ́, màá na ọwọ́ rẹ̀, màá na ẹsẹ̀ rẹ̀, màá fi òrí pa á lára. Agbẹ̀bí òyìnbó tó ń wá wò wọ́n bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Nígbà tó rí i tí ọmọ sùn fọnfọn lọ́wọ́ mi, ó jókòó. Ó ní ó yẹ kí n sọ irú nǹkan yìí di iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Inú mi dùn. Mo ní lẹ́tà mi ti ń bọ̀ lọ́nà.

Lẹ́tà ti dé. Méjì ni mo bá nínú àpótí ní Marzahn. Èkíní ní kí n wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ. Èkejì ní mi ò wá, wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ti dá owó ìrànwọ́ mi dúró títí màá fi wá wí tẹnu mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù mi, mo sunkún ìbínú. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n lọ sọ pé àìsàn ló dá mi dùbúlẹ̀, òun á bá mi wá ìwé dókítà. Ó ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo kọ̀. Irọ́ wo ni màá pa? Mi ò kúkú jalè.

Nígbà tí mo padà dé Amt, ọkùnrin yẹn ò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn díẹ̀. Ó bi mí níbi tí mo wà. Mo ní àbúrò mi bímọ, mo lọ wẹ ọmọ. Ó ní ṣé ara ọmọ ò yá ni. Mo ní ara rẹ̀ le koko. Ìyá ọmọ ńkọ́? Mo ní òun náà wà dáadáa. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí ló wá dé tí mo fi lọ.

"Wọ́n bímọ ni," mo ní.

Ó ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀. Mo ti parí ẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé òfin ní lójoojúmọ́ ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá mi nílé, pé ó wà nínú ìwé tí òun fún mi. Inú ń bí mi. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣí fáìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní bí a ṣe ń wẹ ẹni tí kò lè wẹ ara rẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ó ní ẹ̀kọ́ mìíràn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òun lè kọ orúkọ mi sílẹ̀, àmọ́ òun fẹ́ mọ̀ bóyá irú èyí tún lè ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ẹ tún ní àbúrò mìíràn?" Ó ti gbé bírò.

Àbúrò méjì ló tẹ̀lé ìyá ọmọ tuntun yẹn. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Mo ro oṣù mẹ́jọ tí mo ti fi jókòó ní Amt, mo ro àyè kan ṣoṣo tó ti lọ.

"Rárá," mo ní. "Mi ò ní ẹnì kankan."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi, mo sì fọwọ́ sí i.