Ìyẹ́ Apá Tí Kò Ní Ìṣó

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Eruku funfun bo ojú ọ̀run débi pé a lè tẹjú mọ́ oòrùn láìṣẹ́jú, ètè gbogbo wa sì ti gbẹ. Mo kọ nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé mi ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú kí n tó wọ aṣọ akọni mi, nítorí tíṣà wa ti kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ rántí nǹkan dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọjọ́, aago àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà, kò sì sí ohun tí tíṣà sọ tí n kì í ṣe.

Káfíńtà ni mí, ọmọ Ìlobù. Mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìlobù lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìfọ́n. Ogún ni wá níbẹ̀rẹ̀: mẹ́tàlá láti Ìlobù, méje láti Ìfọ́n. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára àwọn méje náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sìn ín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìfọ́n nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àwa méjèèjì sì tún wá pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti kọ́ A, B, D. Ó máa ń wo ìdáhùn nínú ìwé mi. Èmi a sì rọra sún ìwé náà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí n kò mọ bí a ṣe ń sọ fún ọ̀gá ẹni pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún gbóná láàárín ìlú méjèèjì, àwọn méje náà kò wá mọ́. Ọ̀gá mi ránṣẹ́ pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilẹ̀ Ìlobù mọ́ láyé òun. N kò lọ kí i. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ń dúró de àkókò tí ó yẹ, oṣù márùn-ún sì ni mo fi dúró de àkókò tí ó yẹ náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ó kà wá, ó tún wa kà, ó ní bí a kò bá pé ogún kí sáà náà tó parí, wọn yóò ti kíláàsì náà pa. Mo ti dé ibi tí mo ti lè ka lẹ́tà tí ẹni tí ó gbéṣẹ́ fún mi bá kọ, bí mo bá fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò tíì dé ibi tí mo ti lè kọ èsì. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń bẹ ẹlòmíràn pé kí ó bá mi kọ èsì.

Tíṣà wa kì í pariwo. Ìyàwó olùkọ́ ni, ọmọ olùkọ́ ni, a sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní kí a ṣe eré àwọn akọni abàmì, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń wò nínú fóònù, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé ilé. Akọni láti Ìlobù, ọ̀tá láti Ìfọ́n. Bí àwọn ọmọdé bá wá, àwọn òbí yóò tẹ̀lé wọn, títí kan àwọn méje náà. Ó pe télọ̀ obìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méje náà, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù.

"A ó ṣe ọ̀tá náà, mà," ni télọ̀ wí. "Ta ni yóò tún bá yín ṣe é? Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ará Ìlobù nà wá níṣojú àwọn ọmọ wa o."

"Ẹnikẹ́ni kò ní nà yín."

"Ó dáa. Àwa náà kò ní nà wọ́n púpọ̀."

Ojú ewé mẹ́rin ni eré tí tíṣà kọ. Àwọn ọ̀tá yóò jí àpótí ìmọ́lẹ̀ gbé, àwọn akọni yóò lé wọn bá. Nígbà tí mo ka ojú ewé kẹrin, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo rí níbẹ̀: "Wọ́n jà." Mo na ọwọ́ sókè.

"Mà, ta ni ó borí?"

"Ẹ jẹ́ kí a dé ibẹ̀ ná," ni ó dá mi lóhùn.

Ó yẹ kí n sọ irú akọni tí a jẹ́. Bíríkìlà kan ni Akọni Àpáta, ẹni tí ó lè gbé òkè ńlá. Lóòótọ́ ni ó lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó lè gbé nǹkan, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Nítorí náà a gbé àpáta rẹ̀, tí a fi páálí ṣe, lé orí àga. Ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ni Akọni Olójú-Iná, ẹni tí ojú rẹ̀ ń ríran kọjá ògiri. Ìbòjú rẹ̀ kò gba awò ojú rẹ̀. Ó yan ìbòjú, ó bọ́ awò ojú sápò, kò sì rí ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà lọ. Èmi ni Akọni Òfurufú. Èmi ni yóò fò láti orí tábìlì. Mo fi téèpù wọn gíga tábìlì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, mo sì gé íǹṣì mẹ́rin kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà léwu. Èmi náà ni mo kan asà ara mi. Ìkánjú ni mo fi kàn án.

Ènìyàn pọ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ eré. Àwọn Ìlobù dúró ní apá kan, àwọn Ìfọ́n ní apá kejì, àyè tí ó wà láàárín wọn sì tó kí mọ́tò méjì kọjá. Àwọn tí wọ́n jọ ra ọjà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n jọ lọ síbi iṣẹ́ ní Òṣogbo nínú ọkọ̀ kan náà, kò kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà ní ojú ewé kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́kàn mi.

Eré bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ jáde nínú aṣọ dúdú tí ó ń dán láti òkè délẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ìkà, ó sì wá já àpótí ìmọ́lẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá wa, Akọni Olójú-Iná. Ó dé iwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jí i gbé ni."

"Ta nìyẹn?" ni Akọni Olójú-Iná bèèrè, ó ń wo ibòmíràn.

"Èmi ni, mà. Ọ̀tá yín."

"Ọ̀tá wo?"

"Ti Ìfọ́n, mà."

"Háà! Ìwọ ni? Ojú rẹ rèé! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà. Wọ́n ń kí yín."

"Gba àpótí rẹ, jàre. Ó ti ń wúwo lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín sọ lápá Ìfọ́n, ó sọ lápá Ìlobù, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì dákẹ́ lójijì bí ẹni tí ó rántí pé òun ń bínú. Bíríkìlà fò síta. "Ẹ dúró níbẹ̀!" ni ó ké. Ọmọdé kan ti gbé àpáta rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti jókòó sórí àga náà. Bíríkìlà gbàgbé ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú àpáta, kò sì lè nàró mọ́. "Ìbàdí mi o!" Ọ̀tá tí ó yẹ kí ó máa sá lọ gbé àpótí sábẹ́ apá, ó di ìgbòǹwọ́ akọni mú, ó ń sọ pé, "Ẹ rọra, bọ̀dá. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta."

Èmi nìkan ni ó kù. Mo gun orí tábìlì mi.

Nígbà náà ni ọ̀tá ìkẹyìn jáde láti inú ọyẹ́. Tíṣà kò mọ ẹni tí yóò jẹ́. Télọ̀ kàn sọ pé àwọn yóò mú ẹnì kan wá ni. Aṣọ dúdú bo orí rẹ̀, ihò méjì péré ni ó wà fún ojú. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó gbé ẹrù pọ̀n. Ó dé iwájú mi, ó fa okùn kan, ìyẹ́ apá sì ṣí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti ìgbà náà láti kọ bí ó ṣe rí, n kò tíì kọ ọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyẹ́ náà gùn ju ènìyàn méjì lọ ní òró. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀, aṣọ agbòòjò ni a fi bò ó, ó sì ń ṣí ní ìpele ìpele láìdún gbì, láìhan, bí ìgbà tí lékeléke bá fẹ́ gbéra nínú oko. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn funfun náà gba inú rẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ ohùn aṣọ náà nínú atẹ́gùn. Ẹnu mi là sílẹ̀, mo sì gbàgbé pé èmi ni ó yẹ kí n bá a jà.

Ojú káfíńtà ni ojú mi. Lẹ́yìn tí mo wo gbogbo rẹ̀ tán, mo wo oríkèé rẹ̀, ibi tí igi ti pàdé igi. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Eyín igi kan wọ inú èkejì bí ìka ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀, etí kọ̀ọ̀kan sì ní ilà kékeré kan tí a fi ọ̀bẹ fà láti fi dá a mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbìyànjú láti gé irú oríkèé yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí ó ń gé e.

Mo sọ asà kalẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

Ariwo ta lápá Ìlobù. "Kí ló dé? Dìde, káfíńtà!" "Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?" Ọmọdé kan ń sunkún pé, "Akọni wa ti kú!" Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò dìde. Ìyẹ́ apá náà rọra sọ̀kalẹ̀ títí ó fi bò mí, òkùnkùn díẹ̀ sì ṣú, a sì wà nínú rẹ̀, àwa méjèèjì.

"Ta ni ó kan asà yìí?" ni ohùn kan bèèrè lókè orí mi.

"Èmi ni, sà."

"Ìṣó mélòó?"

"Mẹ́jọ, sà."

"Mẹ́jọ! Ó sì ń mì síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ."

"Ẹ má bínú, sà. N kò wá kí yín."

"Mo mọ̀. Mò ń ka ọjọ́ rẹ̀."

Mo wá sọ èyí tí kò yẹ: "Ẹ ní ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìlobù mọ́, sà."

"Ṣé mo tẹ̀ ẹ́ ni? Ṣé o ò rí i pé mò ń fò ni?" "Gbé asà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé."

Ohun tí mo ti ń dúró dè láti oṣù márùn-ún nìyí. "A ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, sà. Tí a ò bá pé ogún, wọn óò tì í pa."

"Aago mélòó ni kíláàsì?"

"Aago mẹ́rin, sà."

"Ṣé ẹ ti kọjá ibi tí mo dúró sí?"

"A ti kọjá ibẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ìwé mi wà lórí bẹ́ǹṣì fún yín láti wò."

Ó wúkọ́ díẹ̀ lábẹ́ aṣọ dúdú náà. "Dìde," ni ó wí. "Àwọn ènìyàn ń wò wá."

Nígbà tí ìyẹ́ náà ká sókè, mo rí i pé àyè tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì lórí pápá ti ń dínkù, nítorí àwọn ọmọdé ti sáré wá fọwọ́ kan igi náà, àwọn àgbà sì ń tẹ̀lé wọn láti pè wọ́n padà, wọn kò sì padà mọ́. Ọ̀gá mi ní kí àwọn ọmọ tò. Ó fa okùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, Ìlobù àti Ìfọ́n, ìyẹ́ náà sì ń ṣí. Àwọn ọmọ ń bi ara wọn pé ta ni ó borí. Tíṣà wa jókòó sórí tábìlì mi tí mo ti gé kúrú, ó ń wò wọ́n, kò dá wọn lóhùn.

Nígbà mìíràn tí mo bá jókòó láti kọ èsì sí lẹ́tà ẹni tí ó gbéṣẹ́ fún mi, mo máa ń rántí ọkùnrin tí ó dúró lórí tábìlì kúkúrú náà pẹ̀lú ìbòjú àti asà tí ń mì, tí ó rò pé ìjà ni òun wá jà. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀ mọ́. Ó kéré tán, ó mọ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ó rí i.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì yanjú títí di òní. Àwọn méje náà padà ní ọjọ́ Ajé, ogún orúkọ pé nínú ìwé, wọn kò sì ti kíláàsì pa. Èmi kì í fi ìṣó kan oríkèé mọ́.