Wàrà Tí Mo Fún Sínú Ife

"Ẹ má fún ọmọ lọ́yàn títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la." Nọ́ọ̀sì kan ló ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún abiyamọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́, tó jókòó tì mí ní ọsibítù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi obìnrin náà léèrè ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ nílé. "Ìyá mi ni," ó dáhùn, "ṣùgbọ́n kò ní yé wọn, mà." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ń fún ọmọ mi lọ́yàn, gẹ̀gẹ̀ yọ sí mi lọ́rùn. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tẹkiníṣíọ̀mù ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ̀rọ lè fi ìtànṣán rẹ̀ ya àwòrán ibẹ̀. Mo mọ orúkọ náà. Ní sẹ́kọ́ńdírì, òun ni nọ́ńbà kẹtàlélógójì lórí àtẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tó wà lára ògiri. Olùkọ́ wa ní àwọn onímọ̀ wá a títí nínú ilẹ̀, wọn ò rí i, àfìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣẹ̀dá rẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó gún mi rẹ́rìn-ín. "Àràárọ̀ là ń fún un látinú àgolo olójé yìí, bí àwọn Fúlàní ṣe ń fún wàrà màlúù. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, á ku ìdajì. Lẹ́yìn méjìlá, ìdámẹ́rin. Ẹ máa fún ọyàn yín dànù títí di ọ̀la."

Nílé wa ní Ìrẹ́mọ, mi ò ṣàlàyé fún ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn á pariwo pé májèlé ni. Mo kàn ní dókítà ní kí n sinmi, kí wọ́n bá mi fún ọmọ ní ògì.

Ní aago mẹ́ta, ọyàn mi kún, ó ń ro mí. Mo fún un sínú ife, mo fi àwo dé e pé bí mo bá wẹ̀ tán ni màá dà á nù, mo lọ wẹ̀. Ìgbà tí mo máa jáde, ṣíbí ti wà lẹ́nu ọmọ.

"Màámi, kí lẹ fún un?"

"Wàrà rẹ ni. Ọmọ kọ ògì, ó ń ké, ìwọ ń kó ọyàn pamọ́ sínú ife. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé ẹ fẹ́ máa tà á ni?"

Mo bú sẹ́kún, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn. "O mọ̀, o sì dákẹ́?"

A wọ takisí padà sí ọsibítù. Ọkùnrin náà bi wá pé ṣíbí mélòó. "Mẹ́rin," ni ìyá ọkọ mi wí. Ó ní kò pọ̀, pé yóò bá ìtọ̀ jáde, kí a máa fọwọ́ dáadáa bí a bá pààrọ̀ nápì. Ó wá kọjú sí mi: "Mo kìlọ̀ fún yín, màdáámù. Ta lẹ sọ fún nílé?"

Ọmọ náà ti wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò sí ohun tó ṣe é. Síbẹ̀, bí mo bá ń wẹ̀ fún un, mo máa ń fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀ wò.

Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá gún yín ní irú abẹ́rẹ́ yìí, ẹ ṣàlàyé fún ẹni tó ń bá yín gbé ọmọ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ sì da wàrà náà nù lójú ẹsẹ̀.