Ọmọ Tí Àtẹ Kọ̀

Ìyá Òfin ni gbogbo wa ń pè é nílé ìwòsàn, kò sì bínú sí i rí. Òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, àwọn àtẹ gbọọrọ tí orúkọ gbogbo aláìsàn àti gbogbo ọmọ tuntun wà. Èmi ń tẹ káàdì ní tábìlì kejì, orí mi sì máa ń gbóná sí i, torí obìnrin náà kì í yára. Á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lára ògiri. Ara rẹ̀ wà lórí àga, ọkàn rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ.

Tó bá fi máa padà dé, òfin tuntun ti dé nìyẹn. Òfin la fi ń sọ fún àtẹ pé ohun báyìí kò gbọdọ̀ wọlé: ọjọ́ ìbí kò gbọdọ̀ ṣófo, èèyàn méjì kò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà fáìlì kan náà. Ẹni tó bá rú u, kọ̀ǹpútà á kọ̀ fún un jálẹ̀, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Nígbà kan, àwọn akọ̀wé ń tẹ ọmọ kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Òfin wá fi òfin dè é: ìyá kan kò gbọdọ̀ ní ju ìlà kan lọ lọ́jọ́ ìbí kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìlà tirẹ̀ nínú àtẹ. Àtẹ mọ́ tónítóní, inú wa dùn. Kò sẹ́ni tó rántí ìbejì nínú wa, àwa tí ìbejì kún ilé wa fọ́fọ́! Àwọn akọ̀wé ojú fèrèsé ló ń dá ọgbọ́n sí i: wọ́n á sún ọjọ́ ìbí ọmọ kejì sí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á sì panu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí gbogbo yàrá dà bíi pé ó ń tòògbé, aránṣọ kan wọlé, ó fa ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ọmọ méjì ni mo bí."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo dúpẹ́ pé mo gbé e mì.

"Báwo lẹ ṣe wí?" Ìyá Òfin bi í.

"Ìbejì ni, mà. Ọ̀kan ò lò ju wákàtí méjì lọ. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e. Ibà ń ṣe mí gan-an nígbà yẹn. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀kan ni mo bí, ọkọ mi ní kí n yéé sọ ọ́. Mo wá síbí lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà rí. Ó ti wá ń ṣe mí bíi pé mo lálàá ni."

Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú àtẹ lóòótọ́. Ìyá Òfin dìde, ó lọ sí yàrá ìwé àtijọ́, ó gbé ìwé ńlá táwọn agbẹ̀bí fọwọ́ kọ jáde. Ó ń fìka tẹ̀ lé e títí ó fi dúró. "Obìnrin méjì. Ọ̀kan kú ní aago mẹ́sàn-án." Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Kọ̀ǹpútà ò gbà á."

"Èmi ni," Ìyá Òfin wí, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Méjì lẹ bí, ìyá. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún sọ nǹkan míì fún yín."

Ó lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé káwọn akọ̀wé dúró, nítorí tí òfin bá ti kúrò, ohunkóhun lè wọlé. Ó yọ òfin náà. Ó tẹ ọmọ náà wọlé. Ó fẹ́ dá òfin padà, kọ̀ǹpútà kọ̀: ìlà méjì tó rú u ti wà ńbẹ̀.

"Ẹ kúkú fi sílẹ̀ láìsí òfin," mo wí.

"Rárá o. Tí kò bá sófin, ta ló máa mọ̀ bóyá ìbejì ni wọ́n tàbí àṣìṣe akọ̀wé?"

Ó ṣí àyè tuntun fún ipò tí ọmọ dé, bóyá òun ló kọ́kọ́ jáde tàbí òun ló ṣìkejì, ó kọ́kọ́ fi oókan sí ti gbogbo wọn. Òfin tuntun náà rèé: ìyá, ọjọ́ àti ipò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ kò gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ tí wọ́n sún ọjọ́ wọn, ó ní òun á máa wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú méjì yìí gbọ́dọ̀ di eéjì kí òfin tó lè wọlé, àmọ́ àwọn agbẹ̀bí ò kọ èyí tó ṣáájú.

Ó yíjú sí aránṣọ. "Ìyá, èwo ló kọ́kọ́ jáde?"

"Èyí tó lọ ni, mà. Láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè nípa rẹ̀."

Ó bá bẹ̀rẹ̀: irun rẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ké, ó lajú wo òun látọwọ́ agbẹ̀bí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àtẹ ń dúró dè. Àwọn èrò ojú fèrèsé ti ń kùn. Ìyá Òfin gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fa àga wá fún aránṣọ, kó jókòó, kó máa sọ ọ́ lọ.