Tìmùtìmù Bàbá Mi ní Yunifásítì

Gbogbo ayé ló mọ ibi tó yẹ kí n ti kàwé, àfi èmi tí mo fẹ́ kà á. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa nígbà náà, mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ méjì, mo sì jẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté Lomé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ṣèèṣì sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì ìjọba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti pé jọ sí fàráńdà wa ní àdúgbò Adakpamé. Wọ́n jẹ búrẹ́dì tí ìyàwó mi fẹ́ tà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ń bá mi ṣètò ayé mi láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Ọ̀kan ní kí n lọ sí Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni ìwé wà. Òmíràn ní Ghana ló yẹ mí, pé ẹnu ibodè kò ju ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni níbẹ̀. Bàbá mi alára ń fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde láàrin ìlú, tí wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù àti àga aláwọ̀. Ó ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé owó ta ni yóò pa ọbẹ̀ ọ̀hún. Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, ó béèrè bóyá búrẹ́dì kù.

Ohun tí mo fẹ́ kò le rárá. Mo fẹ́ kàwé ní ìlú tí mo ń gbé, níbi tí owó akọ̀wé lè ká, kí n má fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí n sì máa padà sùn nínú ilé mi. Yunifásítì ìjọba nìkan ló bá gbogbo rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí tí wọ́n máa gbọ́? Láàrin àwa tí àwọn òbí wa ti Nàìjíríà wá sí Lomé, a gbà pé ìwé gidi kì í sí níbi tí èèyàn ń gbé. Ó gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, kí wọ́n rán ọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí, kí o máa sunkún lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán èmi náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí bàbá mi gbé mi fún awakọ̀ kan pé kó já mi sí ọ̀dọ̀ ìyá òun ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, kí n lè mọ ilé, kí n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ ilé. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù amọ̀ ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, bàbá mi kò sì yọjú sí mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe, àwọn tí tiwọn bàjẹ́ ní Lomé kò sì jẹ́ kó ráyè. Nígbà tí mo padà dé, ìwé ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ mi ní ìlú tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń béèrè orúkọ ẹni. Yunifásítì ní àwọn kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Báàkì làwọn mọ̀, ìdánwò àṣekágbá àwọn ọmọ girama Faransé.

Ìyẹn ni pé kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, mo ní láti lọ bá àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún jókòó ṣe báàkì. Mo fi ọdún méjì kọ́ ọ lálaalẹ́. Ní òwúrọ̀ ìdánwò, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, bí mo ṣe wọ kíláàsì, gbogbo àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n sì kí mi pa pọ̀ pé bọ́njùú mùsíọ̀. Wọ́n rò pé ọ̀gá tó wá ṣọ́ wọn ni mí. Nígbà tí mo wá àga mi rí tí mo sì jókòó, ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, etí mi ṣì ń gbọ́ ọ. Mo yege ṣá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì bínú sí bàbá mi, ọjọ́ kan náà ni mo ṣe méjèèjì.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kò fẹ́ gbọ́. Níkẹyìn ó gbà pé kí n máa wọ èbúté ní ìdájí, kí n parí ti àwọn ọkọ̀ ẹrù àárọ̀, kí n lọ sí yunifásítì, kí n sì padà wá lọ́sàn-án. Ó fún mi ní ọdún kan péré. Bí mo bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọdún àkọ́kọ́, ó ní kí n má tún bá òun sọ̀rọ̀ ìwé mọ́, kí n yan ọ̀kan, iṣẹ́ àbí yunifásítì. Mo mọ èyí tí ẹni tó ní ọmọ méjì máa yàn. Nítorí náà ọdún kan yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní àńfì, tí a ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́, kò gba ìdajì wa. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà nítòsí máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á fi òkúta, bẹ́líìtì tàbí ìwé àjákù sàmì sórí àga fún ara wọn àti fún ọ̀rẹ́ wọn. Èmi tí mo ń ti èbúté bọ̀ lẹ́yìn sémijàn, ọ̀kadà ìlú Lomé, tí mo ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí àwọn sójà dábùú ọ̀nà kí n tó tún gùn ún, ojú fèrèsé ni mo máa ń bá ara mi. Mo máa ń rí àwòrán ọ̀gá ológun tó ń ṣèjọba lé wa lórí lókè pátákó ìkọ̀wé, mo sì máa ń rí i tí ẹnu olùkọ́ ń mì. Ohun tó ń sọ ni n kò gbọ́. Ẹ gbé ìwé lé òkúta fèrèsé, kẹ́ ẹ wá máa kọ òfin Róòmù tí ẹ kò gbọ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní bú èèyàn.

Mo bú èèyàn. Mo délé, mo ráhùn títí, ìyàwó mi sì rọra ń po ìyẹ̀fun rẹ̀. Bàbá mi ló gbọ́ ọ. Ó ní, "Ṣé ìjókòó nìkan ni?" Mo ní ìjókòó nìkan ni. Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé.

Kí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀, tìmùtìmù ìdílé náà ló sì fi ń dá a mọ̀. Tiwa, árán pupa ni, ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an kó tó kú. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dúró dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Kérésìmesì, kò sẹ́ni tó jẹ́ jókòó lé tìmùtìmù onítìmùtìmù. Bàbá mi kò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí mìíràn rí. Lójú tirẹ̀, ibi gbogbo tí bẹ́ǹṣì bá wà, òfin bẹ́ǹṣì ló wà níbẹ̀.

Láìsọ fún mi, ó dìde ní ìdájí, ó mú tìmùtìmù ìyá mi, ó gun sémijàn. Àwọn sójà dá a dúró. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sì fi ọ̀bẹ gún un wò, òwú nìkan ló rí. Bàbá mi bá wọn dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ní kó máa lọ. Ó wọ àńfì, ó gbé tìmùtìmù náà sí bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá, ó gbàdúrà lé e, ó sì padà wálé láti wá jẹun. Ó ní ọkàn òun balẹ̀.

Nígbà tí mo dé ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, mo rí ohun pupa kan tó ń fò lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá bà á á tún jù ú sókè, òwú sì ń bọ́ lára rẹ̀ sórí gbogbo èèyàn. Mo dá a mọ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni mo lè ṣe? Mo wọlé láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí mo lè bí díẹ̀ nínú wọn, mo ní kí wọ́n fún mi ní tìmùtìmù mi. Ọmọbìnrin kan tí kò fẹ́ dójú tì mí gbé e lé mi lọ́wọ́, ó fi Faransé sọ fún mi pé Tọ́ntọ̀n, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, ẹ má bínú, àwọn rò pé ọmọ kan ló gbé ìrọ̀rí wá láti sùn. Mo gbé e mọ́ àyà, mo padà sójú fèrèsé mi. Ojú tì mí dé eegun.

N kò dúró de ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe parí iṣẹ́ ọ̀sán ní èbúté, mo gba ilé lọ tààrà, mo bá bàbá mi lórí àga rẹ̀ ní fàráńdà, mo ju tìmùtìmù náà síwájú rẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mo ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó rán mi lọ síbi tí n kò fẹ́. Ìwé tí mo gbà níbẹ̀ kò wúlò fún mi níbí, òun ló jẹ́ kí n fi irùngbọ̀n ṣe báàkì. Nísinsìnyí tí mo fọwọ́ ara mi wá ibi tó wù mí, ó tún fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́yà níbẹ̀. Mo ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fata sẹ́nu, ni òun.

Kò yẹ kí ọmọ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí bàbá rẹ̀, mo mọ̀. Ó gbé tìmùtìmù náà sórí itan, ó fi ìka wá ibi tí ọ̀bẹ ti wọlé.

"Ta ló wá jókòó lé e?" ló wí.

Mo wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ta ló lè bá irú bàbá báyìí jà?

Lọ́jọ́ kejì, ó sú mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ. Ọlá iṣẹ́ tí kò pọ̀ ní èbúté lọ́jọ́ náà ló gbé mi débẹ̀. Mo gba ojú fèrèsé mi, mo gbé ìwé lé òkúta, mo wo inú. Ní bẹ́ǹṣì iwájú, láàrin àwọn ọmọ, mo rí fìlà kan tí mo mọ̀. Bàbá mi ló jókòó ṣánṣán, ọwọ́ lórí orúnkún, bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bá a jà, torí pé wọ́n ń lé òkúta, wọ́n ń lé bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń lé arúgbó. Olùkọ́ náà rò pé àlejò pàtàkì ni, ó ti kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ó rí mi. Ó fọwọ́ pè mí níwájú gbogbo ayé, bó ṣe máa ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo bá pẹ́. Mo rò ó pé kí n sá. Ẹsẹ̀ mi gbé mi wọlé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò dìde. Olùkọ́ ń pa pátákó rẹ́, gbogbo ibẹ̀ sì ń ro ṣùùrù.

Ó ní, "Ibi tí mo rán ọ lọ nígbà náà, kí lẹ ń jókòó lé?"

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dìde, ẹ̀kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó tún un bi mí, ó rọra bi mí ni.

"Búlọ́ọ̀kù amọ̀," ni mo wí. "Títí mo fi parí."

Ojú rẹ̀ kúrò lára mi. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó di bẹ́ǹṣì mú, mo sì rí i pé tìmùtìmù ìyá mi ló fi ìdí lé. Ó ti fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ lẹ ihò náà, aṣọ búlúù ló sì rí fi lẹ̀ ẹ́, kò bá árán pupa mu rárá. Ó fi ọwọ́ gbọn òwú kúrò lórí rẹ̀, ó tún un tẹ́, ó sì ní, "N kò mọ̀. Jókòó."

Mo jókòó. N kò rí nǹkan kan kọ nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, torí omi bò mí lójú, inú sì ń bí mi sí i pé ó bò mí lójú. Bàbá mi lọ dúró sójú fèrèsé níbi tí mo máa ń dúró sí, ó gbé ọwọ́ lé òkúta, ó ń wò mí. Nígbà tí mo fi ojú sọ fún un pé kó máa lọ sílé, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi.