Dókítà Ojú Tó Ń Béèrè Ohun Tí A Kán

Dókítà ojú kan wà ní Okokomaiko tí kì í kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń dun èèyàn. Ohun tó máa ń bi gbogbo wa ni, "Kí lẹ ti kán sójú?" Bí èèyàn bá ní òun kò kán nǹkan kan, yóò tẹ́wọ́, yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ títí onítọ̀hún á fi jẹ́wọ́.

Bó ṣe ṣe fún màámi nìyẹn. Ohun funfun ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Wọ́n yọ ìgò oyin jáde nínú báàgì, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ní Iyana-Iba.

"Màmá, oyin dùn lẹ́nu, àmọ́ ojú kò ní ahọ́n."

Ó ní iṣẹ́ abẹ ló máa là á. Màámi kọ̀ jálẹ̀. "Èyí tí mò ń rí bàìbàì yìí tó mi."

Dókítà kò bínú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn. "Àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ ti lọ sókè òkun tán. Nítorí irú ojú yín yìí ni mo ṣe dúró. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan."

Màámi mí kanlẹ̀, wọ́n gbà.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, ó ṣí báńdéèjì. Màámi ṣẹ́jú, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n pariwo, "Háà! Ṣé bó o ṣe hewú tó rèé?"

Dókítà fò sókè bí ọmọdé, ó ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọn. Màámi ò tiẹ̀ dúró dè wá. Wọ́n ti nàka sí ojú kejì, wọ́n ń bi dókítà pé: "Ọmọ mi, ìgbà wo lo máa ṣe èyí?"