Ajá Bàbá Onílé Wa ní Fidjrossè

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá onílé wa ní àdúgbò Fidjrossè ní Cotonou, Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin, láti Pobè bíi tèmi, àmọ́ pàṣán ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ajá tó bá ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, olè á fi májèlé pa á. Nítorí náà, á ní kí ayálégbé kan na ẹja sí ajá rẹ̀. Bí ẹranko náà bá yọ ẹnu sí i báyìí, pàṣán á ti bà á lẹ́yìn. Mo kórìíra bàbá yìí dénú, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, torí abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mò ń gbé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Kétu. Ó fi ṣéènì so ajá mọ́ ìdí máńgòrò, ó ní òun ò ní pẹ́. Ìsìnkú Nàgó, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Jíjẹ mímu ń gun orí ara wọn, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, bàbá ò dé. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní, “Ẹ má fún un ní nǹkan kan o! Ẹ máa ba ajá mi jẹ́.”

Mo ṣáà se ìrẹsì, mo fi ẹja sí i, mo gbé e síwájú ajá náà pẹ̀lú omi. Itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìrẹsì, ó wo ilẹ̀kùn bàbá, ó wá fà sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n. Mo lọ fara pamọ́, bóyá èmi ló ń bẹ̀rù. Eèrà ló jẹ oúnjẹ náà.

Olórí àdúgbò ti sọ ọ́ nípàdé pé ẹni tó bá so ẹran mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, kó sì fún un lómi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sanwó ìtanràn. Mo lọ fẹjọ́ sùn ún.

“Màdáàmù, ṣé ẹ gbé oúnjẹ fún un?”

“Mo gbé e, olórí. Kò jẹ ẹ́ ni.”

“Ebi ò pa á nìyẹn.” Ó yí rédíò rẹ̀ sókè.

Inú bí mi débi pé mo tú ṣéènì náà fúnra mi. Ajá ò sá. Ó wọ́ lọ síwájú ilẹ̀kùn bàbá, ó dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹnu ọ̀nà bàbá ló kú sí.

Ọjọ́ kejì ni bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí zémidjan, ọ̀kadà wa. Ó wo òkú ajá, ó wo àwo ìrẹsì tí mo tún gbé síbẹ̀ lálẹ́ àná kí ajá tó kú. Mo ń retí kí ojú tì í. Ẹ̀rín ló bú sí.

“Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ wá wò ó! Kò fẹnu kàn án! Ta ló tún ní irú ajá báyìí ní Cotonou?”

Gbogbo wa sì kí i kú ìrìn-àjò.